Àwo Tí Àǹtí Ń Yí

Ẹ sún mọ́ mi. Ìwọ tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà yẹn, wọlé, kí o sì ti ilẹ̀kùn, ìtàn yìí ò fẹ́ atẹ́gùn. Ẹni tó ń jẹ ẹ̀pà, kó tètè jẹ ẹ́ tán, kó má máa fọ́ ọ pàpà sí mi létí. Ẹni tí oorun bá sì ti ń kùn, kó yáa lọ sùn, torí mi ò ní tún un sọ. Ṣé a ti ṣetán? Ó dáa. Ọkùnrin kan kú.

Dírẹ́bà ni. Ọkùnrin tó sígbọnlẹ̀, tó lè dá gbé táyà ọkọ̀ akẹ́rù bí ẹni gbé àga. Ó ń fọ ọkọ̀ rẹ̀ láàárọ̀, ó ń súfèé, ó bẹ̀rẹ̀ kó fún àkísà, kò dìde mọ́. Kò ṣàìsàn, kò pariwo, kò tiẹ̀ bá ẹnikẹ́ni jà lọ́jọ́ náà. Nígbà tí wọ́n máa fi débẹ̀, omi ṣì ń dà lẹ́nu rọ́bà, súfèé ti tán. Títí di bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó pa á. Ṣùgbọ́n ẹ ṣáà mọ̀ wá. Ohun tá ò bá mọ̀ gan-an la máa ń ṣàlàyé jù.

"Ta ló fún un lómi mu láàárọ̀ yẹn?" Onídìrí ló bèèrè, àbúrò olóògbé lobìnrin. Àwọn tó wá kí wọn ò tíì rí ibi jókòó sí.

Àǹtí ló fún un lómi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ Àǹtí fún yín. Àbúrò bàbá wọn ni. Ó ti dàgbà débi tó yẹ ká máa pè é ní Màmá, àmọ́ Àǹtí ni gbogbo àdúgbò ń pè é, títí kan àwọn tí wọ́n bí lánàá. Ìyá àwọn ọmọ wọ̀nyí kú nígbà tí wọ́n kéré, òun ló gbà wọ́n, òun ló wẹ̀ wọ́n, òun ló nà wọ́n, òun náà ló rẹ̀ wọ́n lẹ́kún. Dírẹ́bà ni ẹ̀gbọ́n, Tépù ló tẹ̀lé e, Onídìrí ni àbíkẹ́yìn. Àǹtí ò bímọ tiẹ̀. Ó ń dá sùn nínú yàrá kan, ó ń sin ẹyẹlé sórí òrùlé. Obìnrin àgbà, kò bímọ, ó ń dá gbé, ó ní ẹyẹ. Ẹ wò ó, bí èèyàn bá fẹ́ rán ẹ̀wù àjẹ́, kò sí ara tó tún máa bá a mu ju ìyẹn lọ.

Ilé aránṣọ la sì wà, torí télọ̀ ni Tépù. Wọ́n ń pè é bẹ́ẹ̀ nítorí tépù ìwọnṣọ kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ní nígbà míì ó máa ń gbé e wá sórí bẹ́ẹ̀dì. Ìyàwó yìí, Ọlọ́ṣẹ ni tiẹ̀. Ó pàtẹ ọṣẹ síwájú ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀, ọṣẹ ìfọṣọ, ọṣẹ ìwẹ̀, ọṣẹ tó ń hó àti èyí tó kàn ń yọ̀. Obìnrin tí ọkàn rẹ̀ dáa ni, ẹ máa rántí pé mo sọ bẹ́ẹ̀, torí ó máa tó jọ irọ́.

Ṣọ́ọ̀bù ló wà níwájú ilé. Tí ẹ bá kọjá ṣọ́ọ̀bù, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan ló gba àárín ilé lọ sẹ́yìn. Yàrá àkọ́kọ́ lósì, ti Àǹtí ni.

Kò pẹ́ tí wọ́n sin Dírẹ́bà tí orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ Tépù. Àárọ̀ ló máa ń fọ́ ọ jù. Á jí, á di orí mú, á bì, á wá lọ jókòó sídìí máṣíìnì. Wọ́n ní àárò ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Ọwọ́ òsì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í já nǹkan sílẹ̀, ife, àlùmọ́gàjí, owó ṣẹ́ńjì. Wọ́n ní àìsùn ni. Lẹ́yìn náà ni Aríran wá gba ẹ̀wù rẹ̀.

Aríran yìí, aago ló ń tún ṣe ní kọ́nà. Ìran rírí kàn jẹ́ iṣẹ́ kejì ni, bí àwọn kan ṣe ń ta káàdì ìpè mọ́ búrẹ́dì. Ó na ẹ̀wù tuntun náà sókè, ó yí i, ó tún un yí.

"Tépù, apá kejì dà?"

"Apá kejì wo?"

"Apá ẹ̀wù. Méjì ni mo ní. Wò wọ́n."

Tépù wo ẹ̀wù náà lórí tábìlì, ó fọwọ́ ọ̀tún pa á lára bí ẹni ń pa ọmọ lára. "Ó pé," ó ní. "Ó pé dáadáa. Ẹ gbé e wọ̀."

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín. Ọlọ́ṣẹ náà rẹ́rìn-ín, ó rò pé ọkọ òun ń ṣàwàdà. Ìgbà tó rí i lọ́jọ́ kejì tó fá irùngbọ̀n, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún ń dán, tí tòsì rí wúruwùru bí búrọ́ọ̀ṣì, tó sì ń wo ara rẹ̀ nínú dígí tẹ̀rín-tẹ̀rín, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Ó tún wá ku ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀nà. Tí Tépù bá ń ti ṣọ́ọ̀bù wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, á kàn lọ rọ́ lu férémù ilẹ̀kùn yàrá Àǹtí, gbàù. Á lọ, á rọ́ lù ú. Á bọ̀, kò ní rọ́ lu ibẹ̀, á rọ́ lu ògiri òdìkejì. Èyí tó ń rọ́ lù ní bíbọ̀ yìí, kò sẹ́ni tó kà á sí. Ta ni tiẹ̀ ń gbé ibẹ̀? Ibi tí wọ́n ń kó ìgbálẹ̀ sí ni. Ìgbálẹ̀ ò lè jẹ́ àjẹ́.

Láti ọjọ́ tó ti pẹ́ ni Àǹtí ti máa ń jókòó sí ẹ̀gbẹ́ òsì Tépù nínú ṣọ́ọ̀bù, á máa bá a gán bọ́tìnnì, á máa ṣẹ́ etí ṣòkòtò. Lọ́jọ́ kan Onídìrí yà wọlé, ó bá wọn níbẹ̀.

"Àǹtí," ni Tépù ń wí, "ibo lẹ wà? Ohùn yín ni mò ń gbọ́."

"Mo wà níbí, ọmọ mi."

"Ibo ni ibí?"

"Ẹ̀gbẹ́ rẹ. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó lé ọ lẹ́sẹ̀."

Tépù wo iwájú, ó wo ọ̀tún, ó tiẹ̀ gbójú wo àjà. "Ẹ jáde wá jàre," ó ní, "ẹ yé bá mi ṣeré."

Onídìrí ò kí ẹnikẹ́ni. Ó fa Ọlọ́ṣẹ jáde lọ sídìí àtẹ ọṣẹ.

"Ìyàwó wa, ṣé o rí nǹkan tí mo rí?"

"Kí lẹ rí, Àǹtí kékeré?" Ọlọ́ṣẹ jù ú lọ lọ́jọ́ orí o, àmọ́ àbúrò ọkọ ni, ó gbọ́dọ̀ bọ̀wọ̀ fún un.

"Obìnrin yẹn jókòó tì í, kò rí i. Ó ń fara pa mọ́ fún un. Èmi rí i, ìwọ rí i, ẹni tó ń jẹ ni kò rí i."

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn ló tọ́ yín."

"Òun ló tọ́ Dírẹ́bà náà. Dírẹ́bà dà?"

 Ọlọ́ṣẹ tún to ọṣẹ tó ti tò tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rù ti rí ibi jókòó sí nínú rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, àwọn méjèèjì yọ́ lọ bá Aríran. Aago kún gbogbo ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kò sì sí méjì tó fẹnu kò lórí àkókò kan náà. Ká ní ẹ̀yin ni, ẹ ó kọ́kọ́ bi í pé ta ló sọ fún un pé ó ń ríran. Wọn ò bi í.

"Ọwọ́ wo ni kì í gbé dáadáa?" Aríran bèèrè.

"Tòsì," Ọlọ́ṣẹ ní.

"Ẹsẹ̀ wo ló ń wọ́?"

"Tòsì."

"Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wo ni kò fá?"

"Tòsì náà ni."

"Ta ló ń gbé lósì nínú ilé yín?"

Aago ń ró kẹ́kẹ́kẹ́. Onídìrí mí kanlẹ̀ bí ẹni tó jàre ní kóòtù. Ọlọ́ṣẹ ní òun fẹ́ gbé ọkọ òun lọ sọ́sibítù ná.

"Gbé e lọ," Aríran ní, ó ń wo inú aago ọwọ́ kan. "Àmọ́ tí abẹ dókítà bá kan orí yẹn kí ẹni tó dì í tó tú u, orí tábìlì ló máa kú sí. Kó kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Tó bá jẹ́wọ́ tán, ibi tó bá wù yín ni kí ẹ gbé e lọ."

Bí ọ̀rọ̀ ọsibítù ṣe di ọ̀rọ̀ Àǹtí nìyẹn. Àyà ń já Ọlọ́ṣẹ láti gbé ọkọ rẹ̀ lọ, àyà tún ń já a láti jókòó máa wò ó. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ obìnrin àgbà náà, lójú kọ́tìnnì, lẹ́yìn ilẹ̀kùn, láàárín ọṣẹ.

Ẹni tó bá ń ṣọ́ èèyàn, á rí nǹkan dandan. Ó rí àwo.

Ìrẹsì ni wọ́n gbé fún Tépù. Ó jẹ ẹ́, ó dúró, ó ní, "Ṣé oúnjẹ ti wọ́n tó báyìí ni? Díẹ̀ yìí náà lẹ bù fún mi?" Bẹ́ẹ̀ ìlàjì ìrẹsì ṣì wà nínú àwo náà, lápá òsì, pẹ̀lú ẹran. Ọlọ́ṣẹ wà lẹ́yìn kọ́tìnnì. Ó rí i tí Àǹtí wo ọ̀tún wo òsì, tó na ìka kan, tó sì yí àwo náà jẹ́jẹ́, láìsọ̀rọ̀, títí ìrẹsì fi bọ́ sápá ọ̀tún.

"Ẹ̀hẹ̀n," Tépù ní. "Ẹ ti bù sí i. Ẹ ṣé."

Ọlọ́ṣẹ fa kọ́tìnnì pa mọ́ ara rẹ̀. Oúnjẹ tí ò sí tẹ́lẹ̀, ó yí àwo, oúnjẹ dé. Obìnrin náà ń ṣe é lójoojúmọ́, láàárọ̀ àti lálẹ́, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ ò rí i pé tí wọ́n bá bi í ni, ó máa sọ. Á ní, "Mo ṣàkíyèsí pé kì í rí apá ibẹ̀ ni." Wọn ò bi í. Onídìrí ni Ọlọ́ṣẹ lọ sọ ọ́ fún, Onídìrí sọ ọ́ fún Aríran, Aríran ní ẹni tó ń yí àwo, orí ló ń yí.

Tépù gbọ́ fìrífìrí ọ̀rọ̀ náà. Ó pe ìyàwó rẹ̀ wọ yàrá. "Gbọ́ mi dáadáa," ó ní. "Obìnrin yẹn gbé mi pọ̀n débi tí ẹ̀yìn rẹ̀ fi tẹ̀. Ẹni tó bá pè é lájẹ̀ẹ́ nínú ilé yìí, kó kẹ́rù rẹ̀. Ìwọ náà ńkọ́? Wàá kẹ́rù."

"Mo gbọ́," Ọlọ́ṣẹ ní. Inú rẹ̀ ń sọ pé ẹ wò ó, Àǹtí ti dè é dé ẹnu.

Ọjọ́ tí Tépù ṣubú, ọ̀sán ganrínganrín ni. Ọwọ́ òsì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n fúnra rẹ̀ lórí máṣíìnì, ó gun apá, ó dé ojú, ó ṣubú lulẹ̀ pẹ̀lú àga, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ta pátápátá. Ariwo àga náà ló lé àwọn ẹyẹlé fò lórí òrùlé, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tó wà lójú pópó ò mọ nǹkan kan nípa àga. Ẹyẹ ni wọ́n rí.

Kí ara Tépù tó balẹ̀ lórí ẹní, èèyàn ti kún ilé. Onídìrí ti dé pẹ̀lú abẹ tó fi ń fá orí àwọn oníbàárà rẹ̀, Aríran tẹ̀lé e. Wọ́n gbé Àǹtí jókòó sí àárín ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n tú gèlè lórí rẹ̀. Ẹnì kan ní kí wọ́n mú ọṣẹ wá kí abẹ lè rìn dáadáa, gbogbo ojú sì yí sí Ọlọ́ṣẹ.

Ó lọ mú un. Èyí tó ń hó ló mú. Òun fúnra rẹ̀ ló pò ó, òun ló fi ra orí obìnrin náà, orí tí ewú kún bí òwú.

"Ó tutù," Àǹtí ní. "Ìyàwó, omi tútù lo lò."

"Jẹ́wọ́," Onídìrí ní.

"Kí ni kí n jẹ́wọ́?"

"Pé ìwọ lo dè é."

Ẹ gbọ́ *ìwọ* yẹn. Ẹni tó nù ún nídìí, ó ń pè é ní ìwọ níṣojú àdúgbò. Abẹ ń lọ, irun ń já bọ́, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ń tẹ̀lé e, torí inú ń bí Onídìrí. Àwọn ọmọdé ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n lé wọn, wọ́n gba ojú fèrèsé padà wá rẹ́rìn-ín.

 Àǹtí wo Tépù lórí ẹní, tí itọ́ ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó wá kọjú sí Aríran bí ẹni tó ń ná ọjà.

"Tí mo bá ní èmi ni, ṣé ẹ máa gbé e lọ sọ́sibítù?"

"A máa gbé e lọ."

"Lónìí yìí?"

"Lónìí."

"Ìyàwó, ṣé lónìí?"

Ọlọ́ṣẹ mi orí. Ọṣẹ ṣì ń hó lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ó dáa. Èmi ni."

"Kò tíì tó," Onídìrí ní. "Sọ ọ́ fún òun fúnra rẹ̀. Sọ ọ́ kó gbọ́, ti Dírẹ́bà náà."

Àǹtí dìde. Tépù ti lajú. Obìnrin náà ò lọ sí ẹ̀gbẹ́ òsì tó ti mọ́ ọn lára. Ó yí po ẹní, ó lọ kúnlẹ̀ lápá ọ̀tún, níbi tó mọ̀ pé ojú rẹ̀ á ti tó òun. Orí fífá, ẹ̀jẹ̀ àti ìfófòó ọṣẹ ń ṣàn wá sí ojú rẹ̀. "Èmi ni mo dè ọ́," ó ní. "Èmi ni mo pa ẹ̀gbọ́n rẹ. Mo ti tú ọ sílẹ̀ báyìí. Jẹ́ kí wọ́n máa gbé ọ lọ."

Tépù ń wò ó. 

Wọ́n ti Àǹtí síta pẹ̀lú àpò kan. Onídìrí fi ìgbálẹ̀ gbá ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò nílẹ̀ débi géètì. Wọ́n pa gbogbo ẹyẹlé náà, ẹnikẹ́ni ò sì jẹ wọ́n, wọ́n ní ẹran àjẹ́ ni. Àfi Aríran, tó di bíi mélòó kan lọ sílé, ó ní òun fẹ́ yẹ inú wọn wò.

Wọ́n mú ìlérí ṣẹ ṣá. Ọjọ́ náà ni wọ́n gbé Tépù dé ọsibítù.

Obìnrin ni dókítà náà, ó rẹ̀ ẹ́ lójú, bàtà rẹ̀ sì ń dún. Wọ́n ti ya àwòrán inú orí. Ó fún Tépù ní bébà, ó ní kó ya aago. Tépù ya òbìrí kan, ó kó gbogbo nọ́ńbà rún sápá ọ̀tún, ìkan ń gun ìkan, òsì ṣófo gbayawu. Ó ní ó ti tán.

"Jẹjẹrẹ inú ọpọlọ ni," dókítà ní, ó na ìka sí ohun funfun kan nínú àwòrán. "Apá ọ̀tún ló wà."

"Ọ̀tún kẹ̀?" Ọlọ́ṣẹ ní. "Òsì ni gbogbo tiẹ̀ o, mà. Òsì ló ń dùn ún."

"Ọpọlọ ọ̀tún ló ń darí òsì ara. Ojú rẹ̀ ò fọ́. Òsì ni kò sí nínú ayé tiẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá jókòó síbẹ̀, kò ní mọ̀. Ẹnu ọ̀nà tó bá wà níbẹ̀, á rọ́ lù ú. Kí ló dé tí ẹ fi pẹ́ tó báyìí kí ẹ tó gbé e wá?"

Onídìrí ń wo èékánná rẹ̀.

"Tí ẹ bá gbé oúnjẹ fún un," dókítà ń bá ọ̀rọ̀ lọ, "ìlàjì ló máa jẹ. Ẹ máa bá a yí àwo náà. Ṣé ẹnikẹ́ni ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ nílé?"

Ọlọ́ṣẹ wo Onídìrí, Onídìrí wo bàtà dókítà.

Wọ́n la orí rẹ̀, wọ́n yọ ohun tó ṣeé yọ, wọ́n ń fi ẹ̀rọ jó ìyókù. Dókítà ò parọ́ fún wọn. Ó ní ó lè ṣe díẹ̀ sí i láyé, kò ní pẹ́ títí, àti pé inú rẹ̀ á máa tètè bí, ọ̀rọ̀ á máa dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́, àná á máa wọnú èṣí. Ó padà wálé lórí àga oníkẹ̀kẹ́. Ọlọ́ṣẹ ń yí àwo. Ní gbogbo ìgbà tó bá ti yí i, á jókòó sílẹ̀, á sunkún, Tépù á sì máa jẹun lọ.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù tí Tépù ń sọ lójoojúmọ́. Á wo ẹnu ọ̀nà, á ní, "Àǹtí dà?" Tí wọ́n bá wẹ̀ ẹ́, "Àǹtí dà?" Tí wọ́n bá gbé e sùn, "Àǹtí dà?" Ọlọ́ṣẹ ò lè gbà á mọ́ra. Àkókò tó kù fún ọkọ rẹ̀ ò pọ̀, ìyá tó tọ́ ọ sì ń bẹ níta gẹ́gẹ́ bí ajá.

Ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ti ń la pákó ló ti rí Àǹtí, nínú ahéré kan tí ìyẹ̀fun pákó kún. Irun ti ń hù padà lórí rẹ̀, kúkurú, funfun. Ọlọ́ṣẹ dọ̀bálẹ̀ gbalaja, obìnrin tó yẹ kó kúnlẹ̀.

"Dìde," Àǹtí ní. "O ń ba aṣọ jẹ́."

"Ẹ dárí jì mí, mà. Èmi ni mo po ọṣẹ náà."

"Mo mọ ẹni tó pò ó. Ṣé ó ń jẹun?"

"Ó ń jẹun. Mò ń yí àwo."

"Jẹ́jẹ́ ni kí o máa yí i. Tó bá rí i pé ò ń yí i, á tijú."

"Àǹtí, ó ń bèèrè yín. Lójoojúmọ́."

Àǹtí mú gèlè rẹ̀ nílẹ̀, ó gbọn ìyẹ̀fun kúrò lára rẹ̀. Ó gbọ̀n ọ́n títí, ó ti mọ́, ó ṣì ń gbọ̀n ọ́n. "Ó bèèrè mi?" ó ní. "Òun fúnra rẹ̀?" Ó bomi bọ́jú, ó wá bàtà.

Àwọn tó rẹ́rìn-ín lójú fèrèsé ló tò sójú ọ̀nà tí wọ́n ń kí i, Àǹtí ẹ káàbọ̀, Àǹtí ẹ kú ìrìn. Aríran ti ti ṣọ́ọ̀bù pa, àwọn aago ń dá sọ̀rọ̀ nínú ibẹ̀. Onídìrí kúnlẹ̀ sí géètì, kò lè gbójú sókè; Àǹtí fọwọ́ kan án lórí, ó kọjá. Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, Ọlọ́ṣẹ dì í lọ́wọ́ mú, inú rẹ̀ ń dùn fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí gbogbo èyí ti bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ gba apá ọ̀tún wọlé, mà," ó ní, "kó lè rí yín dáadáa."

Tépù rí i, ó wò ó títí, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, ó ní, "Òun nìyẹn, àjẹ́ tó pa ẹ̀gbọ́n mi, ó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún mi, ẹ tì í síta."